Iṣẹ́ Ìròyìn Tí Mo Tà Láwìn

Lẹ́tà tí wọ́n fi gbà mí síṣẹ́ ní oṣù Kẹta ọdún 2007 ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ojú ewé kan péré ni, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé tó nípọn tó sì ń dán, orúkọ ilé iṣẹ́ náà hàn gàdàgbà lókè rẹ̀. Mo kà á fún màámi ní ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjà Balógun, àwọn ìyá aláṣọ tó yí i ká sì bá wa yọ̀. Ìwé ìròyìn okòwò tó lórúkọ ni, irú èyí tí àwọn ọ̀gá báńkì máa ń tẹ́ sórí tábìlì níbi tí wọ́n ti ń gbàlejò. Broad Street ni ọ́fíìsì wa wà. Náírà 45,000 lóṣù ni wọ́n kọ sínú lẹ́tà náà.

Wọn ò kọ ọjọ́ tí wọn yóò máa sanwó síbẹ̀. Wọn ò kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí owó bá pẹ́. Kò sí ọ̀rọ̀ ìwòsàn níbẹ̀, kò sí owó ọkọ̀, kò sí iye tó tọ́ sí mi bí wọ́n bá ní kí n máa lọ. Mi ò sì béèrè. Ọdún kan àbọ̀ ni mo ti fi wá iṣẹ́ kiri, ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá la ẹnu, wọ́n á gba lẹ́tà náà padà.

Ká sòótọ́, ọdún àkọ́kọ́ dùn. Àsìkò tí owó báńkì ń ṣàn bí omi òjò ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Chukwuma Soludo, tó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà, ti pàṣẹ pé báńkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní owó ìpìlẹ̀ tí kò dín ní bílíọ̀nù 25 náírà kí ọdún 2005 tó parí. Báńkì 89 ló wà kí àṣẹ náà tó dé. 25 ló kù nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀. Àwọn tó kù wá ń ta ṣíà fún tolórí tẹlẹ́mù: tísà, aláta, ọlọ́kadà, gbogbo wọn ló ní fọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún 2008, òṣùwọ̀n gbogbo ṣíà, nọ́ńbà tó ń fi hàn bóyá owó ṣíà ń lọ sókè tàbí ó ń já wálẹ̀, kọjá 66,000 ní ọjà wọn ní Customs Street, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ìpolówó báńkì sọ ìwé ìròyìn wa di fọ̀ǹtì-fọ̀ǹtì. Bí ọjọ́ 25 oṣù bá ti pé, àláàtì á wọlé, màá sì yọ ti màámi sílẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan tèmi.

Kí ọdún yẹn tó parí, ṣíà ti ń já lulẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2009, tó jẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Sanusi Lamido Sanusi tó gba ipò lọ́wọ́ Soludo lé ọ̀gá báńkì márùn-ún kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. A kò sùn lóru ọjọ́ yẹn. Ojú ewé tí a ti tò parí, a tú u palẹ̀, a tò ó lákọ̀tun títí ilẹ̀ fi mọ́, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn ilé. Inú mi ṣì ń dùn sí iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ náà títí di òní. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rò ni pé àwọn báńkì tí a ń kọ̀wé nípa wọn yẹn ló ń sanwó oṣù wa. Bí ìpolówó wọn ṣe dákẹ́ ni àláàtì náà dákẹ́.

Ẹni tí kò bá sí nínú iṣẹ́ yìí lè má mọ bó ṣe rí. Owó tí òǹkàwé fi ń ra ìwé ìròyìn kì í tó owó tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Fẹ́ńdọ̀ á yọ tirẹ̀, èyí tí kò bá tà á padà wá sílé. Ìpolówó ló ń gbé ilé iṣẹ́ ró, owó ìpolówó náà kì í sì í wọlé lójú ẹsẹ̀. Àwọn alágbàtà ìpolówó á gbé e wá lónìí, wọ́n á san án lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nígbà míì ọdún á yí po. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀gá wa pè wá jọ tó ní àwọn èèyàn jẹ òun lówó, kò purọ́. Mo gbà á gbọ́ nígbà yẹn, mo sì gbà á gbọ́ báyìí.

Ohun tó ń dùn mí ni ẹni tí wọ́n di gbèsè náà rù. Atẹ̀wé kì í tẹ ojú ewé kan láìgbowó. Ẹni tó ń gbé epo jẹnẹrétọ̀ wá kì í tú u sínú táǹkì kó tó rí owó rẹ̀. Onílé gba owó ilé ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwa tí a ń kọ ohun tí wọ́n ń tà gan-an ni wọ́n ń sọ fún pé ká fara dà á.

Màámi ló fún un lórúkọ tó bá a mu. Oṣù kẹrin tí wọn kò sanwó ni mo lọ yá owó ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń ká aṣọ léésì, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Àbẹ̀ní, ta lò ń tajà fún láwìn?"

Mo ní mi ò tajà.

"Ò ń kọ nǹkan, wọ́n ń gbé e lọ tà, wọn ò fún ẹ lówó. Kí ni wọ́n ń pe ìyẹn?"

Ó fa ìwé gbèsè rẹ̀ yọ lábẹ́ àpótí tó jókòó lé: orúkọ, ọjọ́, iye ọ̀pá aṣọ, iye owó, ọjọ́ tí oníbàárà dá. Ó ní òun kì í fún ẹni tí kò bá tíì san ti àkọ́kọ́ ní àwìn kẹta. Ó wá bi mí pé níbo ni mo kọ tèmi sí. Mi ò kọ ọ́ síbì kankan. Ọmọ tó kàwé jáde ní yunifásítì, tó ń ka ìṣirò owó báńkì fún gbogbo ìlú, kò lè sọ ọjọ́ tí wọ́n san án lówó kẹ́yìn láìronú. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ra ìwé ẹlẹ́yìn líle kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ oṣù kọ̀ọ̀kan sí i, iye tí wọ́n jẹ mí, àkọlé àwọn ìròyìn tí mo kọ láàárín oṣù náà, ọjọ́ tí ọ̀gá dá fún wa, àti àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà tó dá a. Kí inú màámi lè dùn ni mo ṣe ń ṣe é nígbà náà.

Lákòókò yẹn ni ọ̀rọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu àwọn ọ̀gá, ọ̀rọ̀ tí kò ṣàjèjì sí akọ̀ròyìn Nàìjíríà: káàdì ìdánimọ̀ tí a fún ẹ ti tó ẹ jẹun. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí èèyàn gbé káàdì ilé iṣẹ́ kọ́rùn, kó máa fi wá oúnjẹ níta. Ọ̀nà kan ni pé kó mú ìpolówó wá, kí wọ́n yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún fún un. Mo gbìyànjú rẹ̀. Láàárọ̀ mo bi ọ̀gá báńkì kan ìdí tí gbèsè tí wọn ò rí gbà padà fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀; lọ́sàn-án ọjọ́ náà mo padà lọ bẹ̀ ẹ́ kó ra ojú ewé méjì. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Ó ra ojú ewé kan. Mi ò rí ojú bi í ní ìbéèrè gidi mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Ọ̀nà kejì ni ẹ̀gúnjẹ.

Ìlànà ìwà iṣẹ́ wa, èyí tí àwọn àgbà iṣẹ́ fẹnu kò lé lórí ní Ìlọrin lọ́dún 1998, kò fi bò rárá: akọ̀ròyìn kò gbọdọ̀ béèrè owó, kò sì gbọdọ̀ gbà á, yálà láti kọ ìròyìn tàbí láti tẹ̀ ẹ́ rì. Mo mọ̀ ọ́n sórí. Lọ́dún méjì àkọ́kọ́, bí ìpàdé oníròyìn bá ń parí lọ ní òtẹ́ẹ̀lì ní Victoria Island, ẹ̀yìn ni mo máa ń gbà jáde kí òṣìṣẹ́ báńkì tó ń pín àpò lẹ́tà má bàa rí mi. Owó ọkọ̀ ni wọ́n ń pè é. Oṣù karùn-ún tí wọn kò sanwó, mo dúró. Náírà 10,000 ló wà nínú tèmi. Mo fi ra gáàsì, gààrí àti epo, mo san gbèsè tí mo jẹ ìyá tó ń ta búrẹ́dì ládùúgbò, owó tán.

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, mo mọ̀. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí, bóyá màá ti gbàgbé. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni mo jókòó láti kọ ìròyìn lórí ìṣirò owó ọdún báńkì tó fún mi ní 10,000 yẹn gan-an. Ní ẹ̀yìn ìwé náà, níbi tí àwọn òǹkàwé kì í sábà dé, wọ́n kọ iye tí wọ́n ti yá àwọn olùdarí tiwọn fúnra wọn síbẹ̀. Owó náà pọ̀. Mo ti fi ṣe ìpínrọ̀ kan. Mo kà á, mo tún un kà, mo sì yọ ọ́. Kò sẹ́ni tó ní kí n yọ ọ́. Olóòtú mi kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rí. Ẹni tó fún mi lówó kò pè mí, kò béèrè ohunkóhun. Ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo: ẹnu tèmi náà ni mo fi ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn nípa àwọn ẹlòmíì.

Ọ̀rẹ́ màámi kan wà, ìyá onígèlè tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tiwa. Ó ní ṣíà ní báńkì náà. Bó bá ti rí mi, á bi mí pé, "Àbẹ̀ní, ìwọ tó o mọ̀ wọ́n, ṣé owó mi ṣì wà?" Mo máa ń ní ó wà, mà. Mi ò lè sọ pé ìpínrọ̀ kan péré lè gba owó rẹ̀ là. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kà á, mo sì fi 10,000 náírà tí mo ti ná tán gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn èèyàn máa ń bú wa pé olójúkòkòrò ni akọ̀ròyìn. Olójúkòkòrò wà láàárín wa, mi ò ní í jiyàn. Ṣùgbọ́n mo mọ iye oṣù tó gbà kí ọwọ́ mi tó nà, nítorí ó wà nínú ìwé mi. Oṣù márùn-ún ni. Ilé iṣẹ́ tó bá jẹ akọ̀ròyìn rẹ̀ ní owó oṣù márùn-ún ti gbé e sọ́jà, ẹni tó bá kọ́kọ́ ná an ni yóò rà á.

Ọdún 2010 ni mo bí àkọ́bí mi. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún aboyún ní ọ̀sẹ̀ méjìlá ilé, pẹ̀lú ìdajì owó oṣù ó kéré tán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni mo gbà, mi ò rí kọ́bọ̀. N ò fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Ti owó ìfẹ̀yìntì ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń gbowó oṣù fetí sí, akọ̀ròyìn o, kì í ṣe akọ̀ròyìn o. Oṣooṣù tí wọ́n bá sanwó, ìwé tí wọ́n ń fún wa á fi hàn pé wọ́n ti yọ owó ìfẹ̀yìntì. Òfin ọdún 2004 ló wà nílẹ̀ nígbà náà: 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún láti ọwọ́ òṣìṣẹ́, 7.5 láti ọwọ́ agbanisíṣẹ́. Òfin ọdún 2014 ti sọ ọ́ di 8 àti 10. Ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tí owó oṣù bá ti jáde. Ọkàn mi balẹ̀, mo ń wò ó pé bí wọ́n tilẹ̀ jẹ mí lówó, nǹkan kan wà nílẹ̀ de ọjọ́ ogbó. Lọ́dún 2011 ni ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Mo mú nọ́ńbà mi, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN, lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bójú tó owó náà, wọ́n sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde fún mi. Oṣù mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀. Oṣù mẹ́rin nínú ọdún mẹ́rin. Wọ́n ti ń yọ ọ́ lọ́wọ́ mi, wọn ò gbé e débẹ̀. Mo dúró lẹ́bàá kaúńtà náà títí ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ fi bi mí bóyá kí òun bu omi wá.

Nígbà tó di ọjọ́ kìíní ọdún 2012, ìjọba gbé owó epo bẹntiróòlù láti 65 náírà sí 141. Ìyanṣẹ́lódì bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ní kí n lọ kọ ìròyìn nípa àwọn tó pé jọ sí ọgbà Gani Fawehinmi ní Ọ̀jọ́tà. Kò sí ọkọ̀, kò sì sí owó ọkọ̀. Mo fẹsẹ̀ rìn láti Ṣómólú, mo gba Ikorodu Road lọ bí gbogbo ayé ṣe ń lọ. Mo ń fi ọ̀rọ̀ wá àwọn èèyàn lẹ́nu wò. Mo bi baba kan tó jẹ́ rewáyà iye tí owó ọkọ̀ tuntun yìí máa yọ nínú ohun tó ń wọlé fún un. Ó ṣe ìṣirò rẹ̀ fún mi dáadáa, ó wá bi èmi náà pé èló ni wọ́n ń san fún wa. Mo ní ó ti tó oṣù méje tí wọ́n ti sanwó kẹ́yìn. Ó wò mí, ó wo bírò ọwọ́ mi. Ó ní, "Ìwọ gan-an ló yẹ kó o gbé páálí dání."

Ìjọba padà fi epo sí 97. Èmi fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní oṣù Kẹta. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n jẹ mí, 405,000 náírà.

Ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn, NUJ, ti wà láti ọdún 1955, ẹ̀ka rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni à ń pè ní chapel. Ilé iṣẹ́ tiwa kò ní. Àwọn ọ̀gá kò fẹ́ ẹ, àwa náà kò sì fi agídí dá a sílẹ̀ nígbà tí owó ṣì ń wọlé. Nígbà tí ìyà dé, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kálukú ń lọ bẹ ọ̀gá ní yàrá rẹ̀. Àwa mẹ́ta péré la jọ lọ wá agbẹjọ́rò. Ó ṣàlàyé fún wa pé àtúnṣe ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 2010 ti gbé irú ẹjọ́ wa lé National Industrial Court lọ́wọ́, èyí tó ní ilé ẹjọ́ ní Ìkòyí. Ó wá béèrè pé kí la ní lọ́wọ́. Mo gbé ìwé ẹlẹ́yìn líle mi kalẹ̀. Ó ṣí i títí, ó ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Ta ló kọ́ ọ ní èyí?" Mo ní màámi ni, aláṣọ ni.

A ò dé ilé ẹjọ́. Lẹ́yìn lẹ́tà kejì tí agbẹjọ́rò kọ, wọ́n pè wá. Oṣù mẹ́fà ni mo rí gbà nínú mẹ́sàn-án, 270,000 náírà, ní ẹ̀ẹ̀mẹta, 90,000 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú owó ìfẹ̀yìntì, wọ́n fi díẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n kan wà lára wa tó ti lo ọdún mọ́kànlá níbẹ̀, tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka ìṣirò owó ilé iṣẹ́, gbèsè tirẹ̀ sì ju tèmi lọ fíìfíì. Kò ní àkọsílẹ̀ kankan. Wọ́n ní oṣù mẹ́rin ni wọ́n jẹ ẹ́. Kò rí ohun tó máa fi jà. Ó gbà á, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn níwájú mi, orí mi sì wú. Ìyẹn dùn mí ju tèmi lọ.

Ní ìparí ọdún 2024, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mo kọ́ ní iṣẹ́ ìròyìn fún oṣù díẹ̀ pè mí pé òun ti ríṣẹ́. Ìwé ìròyìn okòwò ni, ní Marina. Mo ní kó wá pàdé mi ní búkà kan ní Ọbáléndé, kó mú lẹ́tà rẹ̀ dání. Náírà 90,000 lóṣù. Owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin ti di 70,000 láti oṣù Keje ọdún náà. A jọ ṣe ìṣirò owó ọkọ̀ rẹ̀ láti Ìkòròdú dé CMS lọ-bọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Mo rántí pé 45,000 tèmi lọ́dún 2007 ra ju àpò ìrẹsì márùn-ún lọ; 90,000 tirẹ̀ kò lè ra méjì.

A ka lẹ́tà náà ní ìlà-ìlà. Ojú ewé kan ni. Kò sí ọjọ́ ìsanwó níbẹ̀. Kò sí owó ìfẹ̀yìntì, kò sí ìwòsàn. Mi ò ní kó má gbà á; èmi náà mọ ohun tí ọdún kan àbọ̀ láìríṣẹ́ ń fojú èèyàn rí. Mo ní kó kọ̀wé sí wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó ní kí wọ́n fi ìlà méjì kún un: ọjọ́ tí owó á máa wọlé, àti iye tí wọ́n á máa fi ránṣẹ́ fún owó ìfẹ̀yìntì. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù níbẹ̀, a jọ tún un ṣe, ó fi ránṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà mo pè é. Wọn ò tíì dá a lóhùn.

"Ṣé o ti wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí. Mo ti kọ ìròyìn mẹ́ta fún wọn. Ọ̀kan ló wà lójú ewé iwájú."

Mo kí i kú oríire, nítorí inú rẹ̀ dùn, iṣẹ́ náà sì dára. Mo ti kà á. Mo wá bi í bóyá ó ti kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, ọjọ́ àti àkọlé wọn. Ó dákẹ́ díẹ̀.

"Kò tíì sí, Àǹtí."

Mo ní kó mú bírò, pé mò ń dúró. Mo gbọ́ tó ń tú àpò rẹ̀.